Dókítà Agnes Yéwándé Savage, Obìnrin Àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà Tí Ó Gba Oyè Ìṣègùn

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àròbá, nítorí àròbá ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan ń bẹ tí ìtàn fò dá, tí àròbá pàápàá kò sì dárúkọ wọn. Ọ̀kan nínú irú wọn ni ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Bí a bá bi ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ará ìjọ léèrè pé, nínú gbogbo obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ta ni ó kọ́kọ́ gba oyè dókítà, díẹ̀ ni yóò lè dá wa lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni láti ìdí baba rẹ̀, ọmọ Yorùbá ni. Agnes Yéwándé Savage ni orúkọ rẹ̀, ọdún 1929 ni ó sì gba oyè náà.

Ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn ayọ̀ nìkan. Ó borí àwọn ọkùnrin nínú ìdánwò, síbẹ̀ a fi í sí ẹ̀yìn wọn nínú iṣẹ́. Ìmọ̀ ni wọ́n wí pé a fi ń yan dókítà. Nígbà tí ó mú ìmọ̀ wá, wọ́n wo àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì wo bí ó ti jẹ́ obìnrin. Ó yẹ kí a mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kí a sì mọ èso tí iṣẹ́ rẹ̀ so.

I. Bí orúkọ Savage ṣe di orúkọ ọmọ Yorùbá

Kí ẹnikẹ́ni ní Ẹ̀rìn-Ilé tàbí ní Ọ̀fà má ṣe wí pé, kí ni ó kàn wá nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí a bí ní ìlú òyìnbó? Nígbà tí ogun da ilẹ̀ Yorùbá rú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan fi Ẹ̀rìn-Ilé sílẹ̀, wọ́n gba ìhà gúúsù lọ, wọ́n sì tẹ Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun dó. Ìfọ́nká kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Àwọn ogun ìgbà náà kan náà ni ó sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá di ẹrú tí a kó lọ sí etí òkun. Nínú wọn, àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú omi ni a kó lọ gúnlẹ̀ sí Freetown. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ìwé, tí wọ́n ti gba ìgbàgbọ́, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ti gba orúkọ òyìnbó mọ́ orúkọ àbísọ wọn. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, àwọn àti àwọn ọmọ wọn padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta, àwọn ni a sì ń pè ní Sàró.

Nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni baba Yéwándé ti jáde. Richard Akínwándé Savage ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó ni. Ó lọ kọ́ ìṣègùn ní yunifásítì Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ó sì parí rẹ̀ ní ọdún 1900. Ní ọdún kan náà ó lọ sí ìpàdé ńlá tí àwọn ènìyàn dúdú láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ṣe ní London láti sọ̀rọ̀ nípa ìyà tí a fi ń jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà lónìí, ó sì wà lára àwọn tí ó bá Casely Hayford gbìmọ̀ ìpàdé àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó jókòó ní Accra ní ọdún 1920. Nígbà tí ó padà sí Èkó, ó fi ìwé ìròyìn Nigerian Spectator jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì ni aya rẹ̀, Maggie Bowie. A bí Yéwándé fún wọn ní Edinburgh ní ọjọ́ 21 oṣù Èrèlé ọdún 1906.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí baba fún un. Yéwándé, ìyá wá mi dé, ni Yorùbá ń sọ ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà nínú ìdílé. Ọmọ tí a bí sí inú òtútù, láàárín àwọn ènìyàn funfun, ni baba rẹ̀ fi orúkọ so mọ́ ilé.

II. Ọ̀nà ìṣègùn kí ó tó dé

Kí a lè mọ bí ohun tí ó ṣe ti tóbi tó, ó yẹ kí a wo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run tí a ń pè ní C.M.S. ni ó yan àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ní Sàró ní ọdún 1855, tí a rán wọn lọ kọ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Méjì nínú wọn ni ó di dókítà: William Broughton Davies, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, àti James Africanus Horton, ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Lẹ́yìn wọn ni Nathaniel King, ọmọ àlùfáà Thomas King tí ó bá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Obadiah Johnson, ẹni tí ó tún ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel Johnson kọ tò, títí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921. Orúkọ wọ̀nyí kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ìjọ àti ìjọba wá ọmọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, wọ́n sanwó ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rán an lọ. A kò rí i kà pé wọ́n wá ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ti C.M.S. fún àwọn ọmọkùnrin ní Èkó ṣí ní ọdún 1859. Ti àwọn ọmọbìnrin tẹ̀lé e ní ọdún 1869. Ìjọba ṣí King's College fún àwọn ọmọkùnrin ní ọdún 1909. Ọdún 1927 ni ó tó ṣí Queen's College fún àwọn ọmọbìnrin. Nígbà tí Yéwándé fi gba oyè dókítà, Queen's College kò tíì ju ọmọ ọdún méjì lọ. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó ni ó dàgbà sí, bóyá ni ì bá ti rí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò mú un dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì.

Kí a má sì ṣe rò pé ní ìlú òyìnbó ni obìnrin ti rí ọ̀nà gbà láìjà. Ní ọdún 1869 ni Sophia Jex-Blake àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin wọ yunifásítì Edinburgh láti kọ́ ìṣègùn; méje ni a mọ̀ wọ́n sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1870, nígbà tí wọ́n ń lọ ṣe ìdánwò, àwọn ọkùnrin dí ẹnu ọ̀nà mọ́ wọn, wọ́n ń kígbe, wọ́n sì ń ju ẹrẹ̀ lù wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ ti àgùntàn wọ inú yàrá ìdánwò lọ láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Yunifásítì náà kọ̀, kò fún wọn ní oyè. Ọdún 1894 ni ó tó gbà kí obìnrin gba oyè ìṣègùn níbẹ̀. Ọdún 2019 ni ó sì tó fi oyè dá àwọn méje náà lọ́lá, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti kú tipẹ́tipẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà yìí ni Yéwándé wọ̀.

III. Ẹ̀kọ́ rẹ̀

Láti kékeré ni orí rẹ̀ ti pé. Ó yege nínú ìdánwò orin ti Royal College of Music ní ọdún 1919. Ó kọ́ ìwé ní George Watson's Ladies' College ní Edinburgh, níbi tí ó ti gba ẹ̀bùn nítorí dídára iṣẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì. Láti ibẹ̀ ni ó ti wọ yunifásítì tí baba rẹ̀ ti jáde, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí òun náà ń jẹ́ Richard, sì ti gba oyè dókítà ní ọdún 1926.

Ní ọdún kẹrin ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Ó gba ẹ̀bùn nínú ẹ̀kọ́ nípa àrùn awọ ara. Ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ẹ̀ka ìṣègùn tí ilé ẹjọ́ ń lò, èyí tí dókítà fi ń sọ fún adájọ́ ohun tí ó pa òkú àti bí ọgbẹ́ ti ṣe dé ara. Ẹ̀ka yìí kì í ṣe èyí tí àwọn ènìyàn ìgbà náà rò pé ó yẹ obìnrin. Kò sí obìnrin kan tí ó tíì gba àmì-ẹ̀yẹ náà rí ní Edinburgh kí ó tó gbà á. Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1929, a fún un ní ẹ̀bùn Dorothy Gilfillan, tí a fi ń yẹ́ obìnrin tí ó ta yọ jù lọ nínú àwọn tí ó gba oyè ní ọdún náà sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin funfun ni ó ní irú ìwé ẹ̀rí yìí lọ́wọ́, ipò rere ni ì bá máa dúró dè é. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó bá òun pàdé.

IV. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ní Gold Coast

Yéwándé wọ iṣẹ́ ìjọba, ó sì lọ sí Gold Coast gẹ́gẹ́ bí dókítà kékeré. Ó yẹ kí a ṣàlàyé bí ìjọba ti ṣètò iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1902 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn dókítà rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ sí abẹ́ ètò kan, West African Medical Staff. Wọ́n sì fi lélẹ̀ pé ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ òyìnbó nìkan ni ó lè wọ inú rẹ̀. Dókítà dúdú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni ó jáde, tí ìdánwò kan náà ni ó sì ṣe, a kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ọ̀tọ̀. Owó rẹ̀ kéré, ipò rẹ̀ rẹlẹ̀, òyìnbó tí ó sì dé ní àná lè di ọ̀gá rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1909 ìgbìmọ̀ kan ní London tún fi ọwọ́ sí i pé kò dára kí a máa gba ọmọ Áfíríkà sí iṣẹ́ dókítà ìjọba. Bí a ti fi ẹnu ọ̀nà dí mọ́ ìran baba Yéwándé nìyí. Nígbà tí ọmọ dé lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ẹ̀mí òfin náà kò tíì kú.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Edinburgh ni a bí i sí, Edinburgh ni ó dàgbà sí, ọmọ Skọ́tílándì sì ni ìyá rẹ̀. Ìmọ̀ rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkùnrin tí ó bá a ṣiṣẹ́ lọ. Síbẹ̀ owó tí ó kéré sí tiwọn ni a ń san fún un, ilé àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ ni a sì fi í sí. Wúrà ìdánwò kò wúlò fún un ní ibi tí àwọ̀ ti ń jẹ́ ìwé ẹ̀rí.

Ìdènà méjì ni ó dojú kọ lẹ́ẹ̀kan náà, èyí sì ni ó mú kí ìjà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣáájú. Obadiah Johnson jẹ́ ènìyàn dúdú, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni. Sophia Jex-Blake jẹ́ obìnrin, ṣùgbọ́n òyìnbó ni. Nígbà tí àwọn dókítà dúdú pé jọ láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, ọkùnrin ni wọ́n. Nígbà tí àwọn obìnrin òyìnbó bèèrè tiwọn, kò sí obìnrin dúdú láàárín wọn. Yéwándé dá dúró ní ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, kò sì sí obìnrin kan nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó gba ibẹ̀ kọjá ṣáájú rẹ̀ tí ì bá sọ fún un bí a ti ń rìn ín.

V. Achimota àti Korle Bu

Ní ọdún 1931 ni ìyípadà dé. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota ní Accra ni Alec Garden Fraser, àlùfáà ọmọ Skọ́tílándì tí ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ C.M.S. ní Uganda àti ní Ceylon. Ó pe Yéwándé wá sí Achimota kí ó wá máa ṣe dókítà ilé ẹ̀kọ́ náà, kí ó sì máa kọ́ni. Kò fi mọ ní pípè nìkan. Ó bá ìjọba sọ ọ́, ó ní kí wọ́n fún un ní àdéhùn tí ó yẹ ẹni tí ó ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí. Yéwándé ni ó ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ó gba pé kí ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ etí ìjọba fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí kí ìmọ̀ náà tó ríbi jókòó.

Àmì Achimota ni ojú dùrù, tí eyín funfun àti eyín dúdú wà lórí rẹ̀, láti fi hàn pé orin kò lè pé láìsí méjèèjì. Ọkùnrin àti obìnrin ni a sì ń kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni Yéwándé lò láàárín àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ rò ó wò: ọmọbìnrin ọmọ Áfíríkà kan ń ṣàìsàn, a mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, ó sì rí i pé obìnrin ni dókítà náà, pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà sì wà lára rẹ̀. Irú ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé. Ní àkókò náà, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ní Achimota ni Susan Ofori-Atta, ọmọ ọba Akyem Abuakwa. A óò padà bọ̀ sórí orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn Achimota, Yéwándé padà sí iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ní ipò tí ó sàn ju ti ìṣáájú lọ. A fi í sí ọsibítù Korle Bu ní Accra, tí a ṣí ní ọdún 1923. A fi ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́ igbákejì dókítà ní ẹ̀ka ìgbẹ̀bí. Òun sì tún ni alábòójútó ilé tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbé. Òun ni ó bójú tó bí a ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Korle Bu, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe yàrá àwọn aláìsàn kan níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìyá tí ń rọbí kì í bèèrè àwọ̀ ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í bèèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Yorùbá ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ. Àwọn aláṣẹ ni ó ń wo ọwọ́ tí ó di igi mú. Aláìsàn ń wo ejò.

VI. Ìkẹyìn rẹ̀ àti àwọn tí ó tẹ̀lé e

Ní ọdún 1947, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, Yéwándé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ní ara, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ ní ọkàn. Ọjọ́ orí tí dókítà mìíràn ń gòkè sí ipò ńlá ni agbára tirẹ̀ tán. A kò gbọdọ̀ yára fò gbólóhùn yìí kọjá. Iṣẹ́ ìṣègùn nìkan kọ́ ni ó rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ lọ́sàn-án, tí ó sì tún ń jà kí a tó gbà pé iṣẹ́ náà tọ́ sí i, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe pẹ̀lú owó ọ̀kan. Ó padà sí Skọ́tílándì, ó ń tọ́ àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀ dàgbà, ibẹ̀ ni àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti pa á ní ọdún 1964.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 1947 náà gan-an tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, Susan Ofori-Atta, olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin Achimota ìjọ́un, gba oyè dókítà ní Edinburgh, ó sì di obìnrin Gold Coast àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1949 Matilda Clerk, tí òun náà jáde ní Achimota, gba oyè kan náà ní yunifásítì kan náà. Ẹnìkan ń jáde, àwọn mìíràn ń wọlé.

Ní ilẹ̀ tiwa, Elizabeth Abímbọ́lá Akerele, ẹni tí a wá mọ̀ sí Dókítà Awóliyì, jáde ní Queen's College, ó lọ kọ́ ìṣègùn ní Dublin ní ilẹ̀ Áyálándì, ó sì gba oyè rẹ̀ ní ọdún 1938. Òun ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé pé ó jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe dókítà ní Nàìjíríà. Òótọ́ ni, nítorí òun ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà nínú ilẹ̀ yìí, ní ọsibítù Massey Street ní Èkó, níbi tí ó ti di ọ̀gá àgbà láti ọdún 1960 títí di 1969. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó gba oyè ni Yéwándé ti gbà á. Kò sí ìjà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Gold Coast ni Yéwándé ti ṣiṣẹ́, Skọ́tílándì ni ó sì kú sí. Kò sí ìlú kan tí ó dìde wí pé, tiwa ni. Bí ìtàn ṣe ń sọ ènìyàn nù nìyí: kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọ̀tá ń pa orúkọ ẹni rẹ́, nígbà mìíràn, àìsí ẹni tí yóò kà á mọ́ tirẹ̀ ni.

Nítorí náà ni a ṣe kà á mọ́ tiwa nínú ìwé yìí. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń ka Davies àti King àti Johnson fún àwọn ọmọ, ẹ ka Yéwándé mọ́ wọn, kí ẹ sì sọ iye tí ó san pẹ̀lú, kì í ṣe ẹ̀bùn tí ó gbà nìkan. Ẹ̀yin òbí ní Ẹ̀rìn-Ilé àti ní gbogbo agbègbè wa, bí ọmọbìnrin yín bá mọ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ, ẹ má ṣe fi owó ilé ìwé rẹ̀ dúró de ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà ní ipò àṣẹ, ní ìjọ, ní ilé ìwé tàbí ní ọsibítù, ẹ rántí pé Fraser kò dá ìmọ̀ Yéwándé. Ohun tí ó ṣe ni pé ó rí i, ó sì sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó la igbó ni ẹ̀gún gún. Àwa tí a ń rìn ní ojú ọ̀nà, ó kéré tán, kí a mọ orúkọ rẹ̀.